Òkúta Tí Mósè Jókòó Lé: Ẹ̀kọ́ Láti Yàrá Iṣẹ́ Abẹ

Ibi kíkà: Ẹ́kísódù 17:8–13, 31:1–6

Gbogbo wa ni a mọ ìtàn ogun Ámálékì ní Réfídímù. Bí Mósè bá gbé ọwọ́ sókè, Ísírẹ́lì a borí. Bí ọwọ́ náà bá wálẹ̀, ọ̀tá a borí. Ohun tí a kì í sábà wàásù lé lórí ni ohun tí àwọn tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kọ́kọ́ ṣe. Kí Áárónì àti Húrì tó di ọwọ́ náà mú, wọ́n ti wá òkúta sí abẹ́ rẹ̀, ó sì ti jókòó. Wọ́n mọ̀ pé àdúrà kò sọ ẹran ara di irin. Nínú ẹ̀kọ́ yìí, a ó wo irú òkúta bẹ́ẹ̀ kan tí a fi irin ṣe, tí ó wà ní yàrá iṣẹ́ abẹ, kí a lè mọ ohun tí ó fẹ́ kọ́ àwa ará Ìkìrun.

Iṣẹ́ ẹni tí kò di ọ̀bẹ mú

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ọ̀bẹ ni olórí iṣẹ́ abẹ. Lóòótọ́, ọ̀bẹ ni ó ń la ara. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí ó bá là á tán, awọ àti ẹran ara a fẹ́ padà pàdé, ìfun a sì máa yọ́ wá sí ibi tí dókítà ń wò. Kò sí ẹni tí ó lè rán ohun tí kò rí. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà ní ìsàlẹ̀ ikùn tí ojú kò tó ibẹ̀, ọwọ́ tí ó mọ iṣẹ́ jù lọ pàápàá yóò máa táràrà. Nítorí èyí ni a fi ní ohun èlò tí àwọn dókítà ń pè ní rìtírákítọ̀: irin pẹlẹbẹ tí a tẹ̀ ní orí bí ìkọ́, tí a fi ń fa ẹ̀gbẹ́ ojú abẹ sẹ́yìn, tí a sì fi ń dáàbò bo ohun tí ọ̀bẹ kò gbọdọ̀ kàn. Nígbà iṣẹ́ abẹ ìgbẹ̀bí, irú rẹ̀ kan tí a fi orúkọ Doyen, oníṣẹ́ abẹ ará Faransé, pè ni ó ń di àpò ìtọ̀ ìyá sẹ́yìn nígbà tí a bá ń la ilé ọmọ.

Ta ni ó ń di irin náà mú? Olùrànlọ́wọ́ ni. Ó lè jẹ́ dókítà tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́, ó sì lè jẹ́ nọ́ọ̀sì. Ó lè dúró fún wákàtí méjì tàbí mẹ́ta láìmì, kì í sì í sábà rí iṣẹ́ tí òun gan-an ń mú kí ó ṣeé ṣe. Bí ọwọ́ bá rẹ̀ ẹ́, irin a yẹ̀, ojú abẹ a sì padé. Ní ilé ìwòsàn ńlá, ẹlòmíràn yóò gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ibi tí dókítà kan àti nọ́ọ̀sì kan bá dá wà ní òru, ta ni yóò gbà á? Àwa tí iṣẹ́ ìránṣẹ́ ti mú jókòó ti ìdílé aláìsàn ní ẹnu ọ̀nà irú yàrá bẹ́ẹ̀ mọ̀ pé ìbéèrè yìí kì í ṣe àròsọ.

Irin tí ó ń di ara rẹ̀ mú

Ní ọdún 1912, Donald Balfour, ọmọ Kánádà tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Mayo Clinic ní Amẹ́ríkà, gbé rìtírákítọ̀ kan jáde tí ó ń dá dúró nínú ojú abẹ. Apá méjì ń rìn lórí ọ̀pá láti ya ẹ̀gbẹ́ ikùn sọ́tùn-ún sósì. Ahọ́n irin kẹta ń di ìsàlẹ̀ mú. Ní àwọn ọdún 1930, Enrique Finochietto, ará Argentina, ṣe èyí tí ó ń ya egungun ìhà: a ń yí ọwọ́ rẹ̀, ó ń gun ọ̀pá eléyín díẹ̀díẹ̀, eyín náà kò sì jẹ́ kí ó yọ̀ padà. Ẹni tí ó bá ti rí jáàkì lábẹ́ ọkọ̀ tí ó bàjẹ́ ní ọ̀nà Òṣogbo sí Ìkìrun yóò lóye rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni John Bookwalter, oníṣẹ́ abẹ ní ìpínlẹ̀ Vermont, mú òrùka irin tí a so mọ́ tábìlì wá, tí a lè fi ahọ́n oríṣiríṣi kọ́ sí ibikíbi lára rẹ̀.

Àwọn àgbà ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ikùn ọmọ ọdún mẹ́ta, ti àgbẹ̀ tí ó tẹ́ẹ́rẹ́ àti ti ẹni tí ó sanra kò lè gba irin kan náà. Irin ni ó gbọdọ̀ yí padà fún ènìyàn.

Ewu irin tí kì í rẹ̀

Síbẹ̀, irin tí kì í rẹ̀ kò mọ ìgbà tí ó ń dunni. Ẹran ara tí a bá tẹ̀ pẹ́ jù kì í rí ẹ̀jẹ̀ tó. Bí ahọ́n irin bá gùn jù nígbà iṣẹ́ abẹ ìsàlẹ̀ ikùn, ó lè tẹ iṣan ìmọ̀lára tí ó lọ sí itan. Obìnrin tí a ṣiṣẹ́ ilé ọmọ fún ní àṣeyọrí lè jí, kí orúnkún rẹ̀ má gbé e gun àtẹ̀gùn. Nítorí náà ni ọlọ́gbọ́n dókítà fi ń yan ahọ́n tí kò gùn jù, tí ó ń fi aṣọ tẹ́ ẹ, tí ó sì ń dẹ̀ ẹ́ láti ìgbà dé ìgbà. Ẹni tí yóò ṣe irú irin yìí ní ìbéèrè márùn-ún láti dáhùn:

1. Ǹjẹ́ ó ń ṣí díẹ̀díẹ̀, ó sì ń tú kíákíá?
2. Ǹjẹ́ etí rẹ̀ jọ̀lọ̀, tí kò ní igun tí ó lè gé ìfun?
3. Ǹjẹ́ ahọ́n rẹ̀ ṣeé pààrọ̀ fún ọmọdé àti àgbà?
4. Ǹjẹ́ ó ṣeé tú palẹ̀ fọ̀? Ẹ̀jẹ̀ tí ó bá gbẹ sí àárín eyín rẹ̀ lè bo kòkòrò mọ́lẹ̀, kódà bí ooru ìkòkò ìpakòkòrò bá dé 121°C fún ìṣẹ́jú 15.
5. Ǹjẹ́ gbogbo ẹ̀yà rẹ̀ ṣeé kà ṣáájú iṣẹ́ àti lẹ́yìn rẹ̀, kí nọ́ọ̀tì kan má baà sọnù sínú ikùn?

Bẹ́sálẹ́lì ní Èrúwà

Ẹnìkan lè ní iṣẹ́ òyìnbó ni èyí. Ẹ jẹ́ kí a wo Èrúwà ní ilẹ̀ Ìbàràpá. Olóògbé Dókítà Oluyombo Awojobi, oníṣẹ́ abẹ tí ó kẹ́kọ̀ọ́ ní Ìbàdàn, dá ilé ìwòsàn sílẹ̀ níbẹ̀ ní ọdún 1986, ó sì ṣiṣẹ́ níbẹ̀ títí ó fi kú ní ọdún 2015. Ó mú ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ ológeere, ó sọ ọ́ di ẹ̀rọ tí a ń fi ọwọ́ yí, tí ń ya ẹ̀jẹ̀ pupa kúrò lára omi rẹ̀, kí a lè mọ̀ bóyá ẹ̀jẹ̀ aláìsàn tó kí ọ̀bẹ tó kàn án. Ẹ̀rọ náà kò dúró de iná mànàmáná. Àwọn oníṣọ̀nà tí ó wà nítòsí ni ó bá ṣiṣẹ́. Ọgbọ́n tí ó lò ni pé ó kọ́kọ́ béèrè ohun tí aláìsàn iwájú rẹ̀ nílò, kí ó tó béèrè ohun tí ọjà ní. Ẹ̀mí tí ó fi ọgbọ́n iṣẹ́ ọwọ́ kún inú Bẹ́sálẹ́lì fún àgọ́ Olúwa kò tí ì fi ilẹ̀ yìí sílẹ̀.

Ohun tí ó kàn wá

Ní Ìkìrun, Ìnísà àti Òkukù, a ní alágbẹ̀dẹ, a ní wẹ́dà, a sì ní ọmọ tí ó lè ya àwòrán ohun tí ó rí lọ́kàn. A kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni jó irin pọ̀ lónìí kí a fi sí ikùn ènìyàn lọ́la. Irin tí kì í dípẹtà ni a ń lò; dókítà àti onímọ̀ ẹ̀rọ ni yóò dán an wò, NAFDAC ni yóò sì yọ̀ǹda rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ọ̀bẹ ti wù kí ó mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Dókítà nílò ẹni tí yóò ṣe irin rẹ̀, ẹni náà sì nílò ilé-ẹ̀kọ́ tí yóò kọ́kọ́ fi fáìlì, fáìsì àti ìwọ̀n lé e lọ́wọ́. Bí a bá ń dá owó àjọ̀dún, ẹ jẹ́ kí a rántí yàrá iṣẹ́ ọwọ́ àti yàrá ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ kí a tó rántí ẹnu ọ̀nà àbáwọlé.

Ẹ̀yin òbí, ọ̀rọ̀ kan kù. Àwa náà ń di ọmọ mú kí ohun tí Ọlọ́run fi sí inú rẹ̀ lè hàn. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ọwọ́ yín yẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ rántí láti dẹ̀ ẹ́ láti ìgbà dé ìgbà, kí ẹ̀jẹ̀ lè ráyè kọjá.

Kí Olúwa rántí gbogbo olùkọ́ wa tí ó dúró pẹ́ tí a kò rí wọn, kí ó sì fi òkúta sí abẹ́ àwọn tí ó kù lẹ́nu iṣẹ́. Àmín.