Sáké Olówó Gọbọi Kò Bá Ẹja Mi Mu: Kí Ló Fà Á?

Ìbéèrè: Iṣẹ́ ló gbé mi wá sí Osaka ní Japan, mo sì ti ń fẹ́ràn sáké, ọtí ìrẹsì tiwọn. Mo ra ìgò kan tí wọ́n kọ daiginjo sí lára, owó gọbọi ni mo san. Nígbà tí mo kọ́kọ́ mu ún ní tútù, ṣe ló ń ta sánsán bí èso. Àmọ́ nígbà tí mo fi ẹja Titus oníyọ̀ yíyan sí i, ó dà bí omi lásán lẹ́nu mi. Ẹni tí a jọ ń ṣiṣẹ́ wá bu junmai, irú sáké mìíràn, tó ti mú lọ́wọ́ọ́wọ́ fún mi. Owó rẹ̀ kò tó ìdajì tèmi, síbẹ̀ ó bá ẹja náà mu rẹ́gí. Ṣé ahọ́n mi ni kò mọ ohun tó dára ni, àbí ayédèrú ni wọ́n tà fún mi?

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun tí ẹ bèèrè. Ahọ́n yín pé, ohun tí ẹ sì ròyìn yìí gan-an ni ojúlówó daiginjo máa ń ṣe. Ohun tó rú yín lójú ni pé ọtí tó wọ́n jù kọ́ ló bá oúnjẹ mu jù. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń ṣe kàyéfì nípa rẹ̀.

Iṣẹ́ tí wọ́n ṣe sí ìrẹsì wà lára ohun tí ẹ san owó lé lórí. Ìta hóró ìrẹsì ni ọ̀rá àti purotéènì pọ̀ sí. Sítáàṣì ló pọ̀ láàárín. Kí ọtí tó lè jẹ́ irú sáké tí wọ́n ń pè ní ginjo, wọ́n gbọ́dọ̀ ha ìrẹsì náà títí ohun tó ṣẹ́ kù kò fi ní ju ìdá 60 nínú 100 lọ. Ti daiginjo kò gbọdọ̀ ju ìdá 50 lọ. Ẹ ò rí i pé ó kéré tán, ìdajì ìrẹsì ti lọ kí wọ́n tó gbé e kaná! Lẹ́yìn náà, wọ́n á jẹ́ kí ó pọn díẹ̀díẹ̀ nínú òtútù, kí ìwúkàrà lè mú òórùn bí ti ápù tàbí ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ jáde.

Bẹ́ẹ̀, lára purotéènì tí wọ́n ha dànù yẹn ni kójì, olú wíńwín tí wọ́n fi ń pọn sáké, ti máa ń mú adùn tó dà bí ti omi ọbẹ̀ jáde. Nítorí náà, daiginjo fúyẹ́, òórùn ni agbára rẹ̀. Tí iyọ̀, ọ̀rá àti èéfín ẹja yíyan bá dé, wọ́n á bò ó mọ́lẹ̀. Fèrè kì í dún borí bàtá.

Ní ti junmai, ohun tí orúkọ yẹn ń jẹ́rìí sí ni pé wọn kò bu ọtí líle kankan mọ́ ọn. Láti ọdún 2004, òfin kò sọ iye tí wọ́n gbọ́dọ̀ ha lára ìrẹsì rẹ̀ mọ́, nítorí náà ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ṣì ní adùn tó rinlẹ̀. Bí ẹ bá rí junmai daiginjo lára ìgò kan, ẹ má jẹ́ kó dà yín láàmú: ó kàn jẹ́ pé ó ní àmì méjèèjì ni.

Ooru náà ṣiṣẹ́ tirẹ̀. Tí ọtí bá gbóná tó ìwọ̀n 40 sí 50 ti Celsius, adùn rẹ̀ á jáde dáadáa, á sì bá ọ̀rá oúnjẹ lọ. Ẹ bu ọtí náà sínú ìgò amọ̀ kékeré, kí ẹ gbé e sínú omi gbígbóná tí ẹ ti sọ̀ kalẹ̀ lórí iná. Ẹ má jẹ́ kó hó. Kì í ṣe òótọ́ pé sáké tí kò dára nìkan ni wọ́n ń mú gbóná. Daiginjo ni kò sábà yẹ fún un, torí òórùn rẹ̀ á fò lọ.

Ẹ lè mu daiginjo ní tútù kí oúnjẹ tó dé, tàbí kí ẹ fi ẹja funfun tútù tí wọ́n gé láìsè, tàbí tófù tútù, sí i. Ẹ fi junmai sí ẹja yíyan, adìyẹ yíyan tí wọ́n fi ọbẹ̀ sóyà pa lára, àti ohun tí wọ́n fi míso (ẹ̀wà sóyà tí wọ́n pọn) sè. Láti dán an wò, ẹ mu díẹ̀, ẹ jẹ díẹ̀, kí ẹ tún mu díẹ̀. Bí ẹ bá ṣì mọ adùn àwọn méjèèjì, wọ́n bára mu nìyẹn. Ẹ máa mu omi sáàárín, torí agbára ọtí inú sáké sábà máa ń tó ìdá 15 tàbí 16 nínú 100.

Bí ẹ bá tún dé ìsọ̀, ẹ má wulẹ̀ bèèrè èyí tó dára jù lọ. Ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́ jẹ lálẹ́ ọjọ́ náà fún ọlọ́tí, òun fúnra rẹ̀ á sì mú ìgò tó yẹ ẹ́ wá.