Ó Ṣá Ni, àbí Ó Bó? Ọ̀rọ̀ Ọ̀dà Lára Táńkì Alùpùpù

Ọ̀pọ̀ ọlọ́kadà ló máa ń sọ fún pẹ́ńtà pé, "Ọ̀dà táńkì mi ti bàjẹ́." Gbólóhùn náà kò lábùkù, ṣùgbọ́n kò sọ ohun tó ṣe ọ̀dà. Yorùbá ní ọ̀rọ̀-ìṣe ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ fún oríṣiríṣi ìbàjẹ́ ọ̀dà, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló sì ní okùnfà àti àtúnṣe tirẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú "kún" àti "kùn". A fi epo kún táńkì. A fi ọ̀dà kun táńkì. "Kùn" olóhùn ìsàlẹ̀ ni ti ọ̀dà, òun náà la ń lò fún osùn àti àtíkè. Bí ọ̀rọ̀-orúkọ bá jẹ́ àbọ̀ rẹ̀, ohùn rẹ̀ á di ti àárín: "kun táńkì". Bó bá jẹ́ arọ́pò-orúkọ ló tẹ̀lé e, ohùn ìsàlẹ̀ á dúró, arọ́pò-orúkọ á sì gba ohùn òkè: "kùn ún". Ti epo ni "kún un". Ẹni tó bá kọ ọ́ láìfàmì sí i ti da epo pọ̀ mọ́ ọ̀dà.

Búrọ́ọ̀ṣì la fi ń kun nǹkan. Èyí tó bá ti ẹnu ẹ̀rọ jáde bí ìkùukùu, a fín in ni, bí a ṣe ń fín oògùn ẹ̀fọn. Táńkì alùpùpù, fífín ló yẹ ẹ́. Ẹ fín in fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ léraléra, torí ọ̀dà tó bá pọ̀ jù lẹ́ẹ̀kan á ṣàn.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ìbàjẹ́. Ọ̀dà tó *ṣá* ṣì lẹ̀ mọ́ irin. Oòrùn ló gba àwọ̀ rẹ̀. Kí a fi sáńpépà ha ojú rẹ̀ díẹ̀, kí a sì fín òmíràn lé e.

Ọ̀dà tó *bó* ti ṣí kúrò lára irin. Bóyá wọn ò fọ gíríìsì kúrò, bóyá wọn ò sì ha ojú àtijọ́ tó ń dán, ni ọ̀dà tuntun kò fi rí ibi dì mú. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Ẹ fọ̀ ọ́ mọ́, ẹ fi omi àti sáńpépà ha á títí dídán rẹ̀ yóò fi kúrò, kí ẹ tó fín práímà, ìyẹn ọ̀dà ìpìlẹ̀. Bí nọ́ńbà ẹ̀yìn sáńpépà bá ṣe pọ̀ tó ni yóò ṣe kúnná tó: 600 kúnná ju 400 lọ.

Bí ọ̀dà bá *wú*, ẹ wo abẹ́ rẹ̀: irin lè ti dípẹtà. Ìpáàrà kì í kú sábẹ́ ọ̀dà. Ó ń jẹ irin lọ lábẹ́lẹ̀ ni. Ẹ ha á títí irin yóò fi dán, ẹ má sì jẹ́ kó sùn mọ́jú láìní práímà.

Ọ̀dà tó *yọ́* máa ń wà nítòsí ìdérí, níbi tí epo bẹntiróòlù ti ń kán sílẹ̀. "Yọ" olóhùn àárín ni iṣẹ́ pẹ́ńtà tó ń yọ ọ̀dà àtijọ́. "Yọ́" olóhùn òkè ni iṣẹ́ epo. Ọ̀pọ̀ ọ̀dà inú agolo tí kò ní hádínà (èròjà tó ń mú ọ̀dà le) kì í lè dúró níwájú bẹntiróòlù. Kílíà (ọ̀dà aláìláwọ̀ ìkẹyìn) tí a po hádínà mọ́ ló ń gbà á mọ́ra.

Ẹ tún ya "gbẹ" sọ́tọ̀ sí "le". Ọ̀dà lè gbẹ lónìí kó má tíì le. Irú èyí tó ní hádínà ń fẹ́ nǹkan bí ọjọ́ 7 kí epo tó kàn án.

Ẹ̀yin ọ̀gá tó ń kọ́ ọmọṣẹ́, ẹ fi àwọn ọ̀rọ̀ yìí kọ́ wọn. Ẹ kọ́ wọn pẹ̀lú pé kí wọ́n fa epo inú táńkì jáde, kí èéfín rẹ̀ sì fẹ́ tán kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, torí ó ń gbaná. Kí wọ́n bo imú dáadáa níbi tí wọ́n bá ti ń fín ọ̀dà tó ní hádínà, torí ó ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́.