Oògùn gout: èyí tó ń pa iná yàtọ̀ sí èyí tó ń kó igi kúrò

Ọ̀rọ̀ òní kan bàbá mi, mo sì ti gba àṣẹ lọ́wọ́ wọn kí n tó kọ ọ́.

Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, àtàǹpàkò ẹsẹ̀ ọ̀tún wọn ṣàdédé wú lóru. Ó pọ́n, ó gbóná, débi pé aṣọ ìbora kò gbọdọ̀ kàn án. Àwọn aládùúgbò ní bàbá ti tẹ oògùn mọ́lẹ̀ ni. A dé ọsibítù, wọ́n yẹ̀ wọ́n wò, wọ́n sì ní gout ni. Dókítà kọ diclofenac ti ọjọ́ márùn-ún péré fún wọn. Nígbà tó yá, ó fi allopurinol kún un, ó ní ojoojúmọ́ ni kí wọ́n máa lo ìyẹn.

Ṣùgbọ́n Dádì dá ọgbọ́n tiwọn. Tí ẹsẹ̀ bá ń dùn wọ́n, wọ́n á lo méjèèjì. Tó bá ti rọlẹ̀, wọ́n á jù méjèèjì tì. Tí diclofenac bá tán, wọ́n á ra òmíràn ní kẹ́míìsì, wọ́n á tún fi àgbo tì í lẹ́yìn. Nígbà tó di ọdún tó kọjá, ìgbẹ́ wọn bẹ̀rẹ̀ sí dúdú bí ọ̀dà. Àṣé ọgbẹ́ ti wà nínú ikùn wọn, ó ń ṣẹ̀jẹ̀. Kíndìnrín wọn náà kò ṣe dáadáa mọ́.

Ohun tó dùn mí jù ni pé èmi tí mò ń ka biochemistry fún másítà, mo ti ya àwòrán bí allopurinol ṣe ń ṣiṣẹ́ sínú ìwé ìdánwò. Mi ò wá bi bàbá mi léèrè rí bí wọ́n ṣe ń lò ó.

Kí ló ń ṣẹlẹ̀ nínú oríkèé?

Nǹkan kan wà nínú sẹ́ẹ̀lì ara wa àti nínú oúnjẹ tí wọ́n ń pè ní purine. Tí ara bá fọ́ ọ tán, uric acid ló máa ń kù. Kíndìnrín ló ń da èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ sínú ìtọ̀, ìfun á kó ìyókù dànù. Tí kò bá jáde tó, á máa pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀. Ẹ wo iyọ̀ nínú ife omi: tó bá ti pọ̀ jù, kò ní yòrò mọ́, á sùn sísàlẹ̀. Fún uric acid, ààlà yẹn jẹ́ nǹkan bíi 6.8 mg/dL, bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ sórí ìwé àyẹ̀wò. Tó bá kọjá bẹ́ẹ̀, ó lè dì di nǹkan ṣóńṣó bí abẹ́rẹ́ nínú oríkèé. Àwọn ọmọ ogun ara á wá gbógun tì í. Ìjà yẹn ló ń fa wíwú àti ìrora.

Àmọ́ kì í ṣe gbogbo ẹni tí uric acid rẹ̀ ga ló ní gout o. Ọ̀pọ̀ wọn tí nǹkan kan kò ṣe kò nílò oògùn rẹ̀ rárá.

Iṣẹ́ méjì, oògùn méjì

Diclofenac, ibuprofen, naproxen, colchicine àti prednisolone, panápaná ni wọ́n. Wọ́n ń pa iná ìrora, ṣùgbọ́n wọn kì í dín uric acid kù.

Allopurinol àti febuxostat ló ń kó igi kúrò nídìí iná. Wọ́n ń dí ẹ́ńsáìmù tó ń ṣe uric acid lọ́wọ́, xanthine oxidase. Gertrude Elion àti George Hitchings, tí wọ́n jọ gba ẹ̀bùn Nobel ní 1988, ni iṣẹ́ wọn fún wa ní allopurinol. Kì í ṣe oògùn ìrora. Ẹni tó bá ń lò ó lọ́jọ́ ìrora nìkan kò tíì lò ó.

Ibi tó ti ń dojú rú fún ọ̀pọ̀ èèyàn nìyí: tí uric acid bá bẹ̀rẹ̀ sí lọ sílẹ̀, àwọn abẹ́rẹ́ àtijọ́ á máa yòrò, ẹsẹ̀ sì lè tún wú. Ó dà bí àmù tí ìdọ̀tí ti sùn sísàlẹ̀ rẹ̀: tí ẹ bá ń fọ̀ ọ́, omi á kọ́kọ́ dàrú. Ìdí nìyí tí dókítà fi máa ń bẹ̀rẹ̀ allopurinol láti 100 mg lójúmọ́, tàbí kó kéré sí i fún ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ kò lágbára, á wá máa fi kún un díẹ̀díẹ̀ títí uric acid á fi wà lábẹ́ 6 mg/dL. Ó sábà máa ń fi colchicine díẹ̀ tì í fún oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà. Tí ìrora bá dé lẹ́nu rẹ̀, ẹ má fúnra yín dá allopurinol dúró. Ẹ pe dókítà.

Ibi tí ewu wà

1. Ẹ má lo diclofenac àti ibuprofen pọ̀. Orúkọ ara páálí lè yàtọ̀, kó jẹ́ oògùn kan náà ló wà nínú rẹ̀. Wọ́n lè dá ọgbẹ́ sí ikùn, wọ́n lè ba kíndìnrín jẹ́, wọ́n sì lè mú ẹ̀jẹ̀ ríru le sí i.

2. Colchicine tó ń woni sàn kò jìnnà sí èyí tó ń pani. Ẹ má fi hóró kan kún iye tí wọ́n kọ. Tí ìgbẹ́ gbuuru tàbí èébì bá dé, ẹ dá a dúró, kí ẹ sì pe dókítà. Kò sì bá clarithromycin rẹ́.

3. Allopurinol: tí ara bá sú, tí ẹnu bá bó tàbí tí ibà bá dé, pàápàá láàárín oṣù mélòó kan àkọ́kọ́, ẹ dá a dúró lọ́jọ́ náà, ọsibítù yá. Ó ṣọ̀wọ́n, ṣùgbọ́n ó lè gba ẹ̀mí. Ẹni tó ń lo azathioprine gbọ́dọ̀ sọ fún dókítà kó tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

4. Àwọn oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan, bíi hydrochlorothiazide, máa ń gbé uric acid sókè. Ẹ má jù ú nù o. Dókítà lè fi òmíràn rọ́pò rẹ̀.

5. Àgbo tí a kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, a ò lè mọ ohun tó máa bá oògùn ṣe. Èyí tí wọ́n fi ògógóró rẹ ńkọ́? Ọtí fúnra rẹ̀ ń gbé uric acid ga.

Ní báyìí, Dádì ń lo allopurinol láràárọ̀, wọn ò sì fọwọ́ kan diclofenac mọ́. Àyẹ̀wò wọn tó kẹ́yìn jẹ́ 5.6. Kíndìnrín wọn kò padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n kò burú sí i.

Iṣẹ́ kan ni mo bẹ̀ yín: lópin ọ̀sẹ̀ yìí, ẹ ní kí bàbá tàbí ìyá yín kó àpò oògùn wọn síta. Ẹ mú un lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì bi wọ́n pé: “Ẹ jọ̀ọ́, èyí ńkọ́, ìgbà wo lẹ máa ń lò ó?” Ká ní mo ti béèrè ni.