Bí Ewé Bá Pẹ́ Lára Ọṣẹ: Ẹ̀kọ́ fún Ẹgbẹ́ Lórí Ohun Tí A Fi Ń Di Oúnjẹ

Ní kùtùkùtù òwúrọ̀, kí àwọn ọmọ tó gba ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́, agbada àkàrà ti ń hó ní oríta. Ìyá alákàrà a kó àkàrà kúrò nínú epo gbígbóná, a fa ojú ewé kan ya nínú ìwé ìròyìn àtijọ́ tàbí nínú ìwé tí akẹ́kọ̀ọ́ kan ti kọ iṣẹ́ sí, a di àkàrà náà, a sì nà án sí oníbàárà. Oníbàárà a dúpẹ́, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́ bí ó ti ń lọ. Kí ó tó dé ibi iṣẹ́, epo ti rin bébà náà gbindin, tàdáwà dúdú sì ti hàn lára àkàrà. Nínú àwọn méjèèjì, kò sí ẹni tó gbèrò ibi. Ìyá alákàrà ń wá ohun tí agbára rẹ̀ ká. Oníbàárà ń wá oúnjẹ tí kò ní dá a dúró. Ṣùgbọ́n ohun kan ti wọ inú oúnjẹ náà tí ìyá kò tà, tí oníbàárà kò sì rà.

Àwọn àgbà wí pé bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, á di ọṣẹ. Ewé ni a fi ń di ọṣẹ dúdú láyé àtijọ́, àwọn àgbà sì ti ṣàkíyèsí pé ohun tí a dì àti ohun tí a fi dì í kì í wà papọ̀ pẹ́ kí wọ́n má gba nǹkan lára ara wọn. Òye yẹn ni ìpìlẹ̀ ẹ̀kọ́ yìí. Ète rẹ̀ ni pé kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan mọ ohun tó yẹ láti fi di oúnjẹ àti ohun mímu, kí ó sì mọ ipa tí òun fúnra rẹ̀ lè kó kí irú ohun bẹ́ẹ̀ lè wà lọ́jà ní iye tí mẹ̀kúnnù lè san.

ÒṢÙWỌ̀N MẸ́TA TÍ EWÉ FI SÍLẸ̀

Kí ọ̀ra tó dé, ewé eéran àti ewé gbòdògì ni àwọn ìyá fi ń di èkọ, mọ́ínmọ́ín àti ọ̀pọ̀ oúnjẹ mìíràn. Ewé náà ni a fi ń pa obì mọ́ kí ó má baà gbẹ. Bí a bá wo iṣẹ́ ewé dáadáa, òṣùwọ̀n mẹ́ta ni a ó rí nínú rẹ̀. Èkíní, kì í fi ohun búburú kún oúnjẹ. Èkejì, ó lè fara da ooru àti omi títí oúnjẹ yóò fi dé ọwọ́ ẹni tí yóò jẹ ẹ́. Ẹ̀kẹta, nígbà tí a bá jù ú nù, ilẹ̀ a gbà á padà. Ohunkóhun tí yóò bá rọ́pò ewé gbọ́dọ̀ yege nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Síbẹ̀, ewé kò lè dá iṣẹ́ náà ṣe mọ́. Inú igbó tí òjò ti ń rọ̀ dáadáa, lábẹ́ òjìji igi ńlá, ni ewé eéran ti ń hù. Ọmọ Yorùbá tó ń gbé ní Kánò, Kàdúná tàbí Sókótó kò lè jáde sí ẹ̀yìnkùlé kí ó já a. Ọ̀nà jíjìn ni yóò ti wá, owó ọkọ̀ yóò sì gorí rẹ̀. Àwọn ìlú ti kún ju ti àtijọ́ lọ, igbó sì ń dínkù. Ìdí nìyí tí àwọn onímọ̀ káàkiri ayé fi ń wá bébà tí yóò ṣe iṣẹ́ ewé: bébà tó lè jẹrà di ajílẹ̀, àti bébà tí a tún ṣe láti inú bébà àlòkù.

IBI TÍ AGBÁRA ÒFIN MỌ

Láti ara epo rọ̀bì ni a ti ń ṣe abọ́ fóòmù funfun tí a fi ń gbé ìrẹsì lọ sílé. Styrene ni orúkọ èròjà tí a fi ń ṣe é, díẹ̀ nínú rẹ̀ sì lè wọ inú oúnjẹ tó gbóná tàbí tó lọ́ràá. Ní ọdún 2018, àjọ tí ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé ka styrene mọ́ àwọn ohun tó ṣeé ṣe kí ó máa fa jẹjẹrẹ. Lẹ́yìn oúnjẹ, abọ́ náà kì í jẹrà. A máa fọ́ sí wẹ́wẹ́, a máa léfòó lórí omi, a sì máa dí gọ́tà. Nígbà tí òjò ńlá bá rọ̀, omi tí kò rí ọ̀nà gbà yóò wọ ilé ẹni tí kò jẹ nínú ìrẹsì náà rárá.

Nítorí èyí ni Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe fòfin de abọ́ fóòmù ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2024, tí ó sì mú òfin náà gbòòrò dé orí àwọn ike àlòsọnù mìíràn láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Keje ọdún 2025. Ìjọba Àpapọ̀ pẹ̀lú fọwọ́ sí i ní ọdún 2024 pé kí àwọn ilé iṣẹ́ ìjọba jáwọ́ nínú lílo ike àlòsọnù. Kẹ́ńyà ti fòfin de àpò ọ̀ra ní oṣù Kẹjọ ọdún 2017. Òfin lè gba abọ́ fóòmù lọ́wọ́ olóúnjẹ, ṣùgbọ́n òfin nìkan kò lè fi ohun tó dára sí ọwọ́ tó ṣófo náà. Bí ọwọ́ bá ṣófo, ohun tó bá sún mọ́ ọn jù lọ ni yóò mú, ìwé ìròyìn àtijọ́ sì sún mọ́ tòsí.

KÌ Í ṢE GBOGBO BÉBÀ LÓ YẸ OÚNJẸ

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kí a rò pé bí nǹkan bá ti jẹ́ bébà, ó ti dára tán. Oríṣi mẹ́rin ló yẹ kí ẹgbẹ́ dá mọ̀.

Èkíní ni bébà tí a ti tẹ̀wé sí. Ooru àti epo a máa tú tàdáwà sínú oúnjẹ, bẹ́ẹ̀ ni ìdọ̀tí ọwọ́ gbogbo ẹni tó ti ka ìwé náà wà lára rẹ̀. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2016, àjọ tí ń bójú tó ààbò oúnjẹ ní orílẹ̀-èdè Íńdíà kìlọ̀ fún ará ìlú pé kí wọ́n dẹ́kun fífi ìwé ìròyìn di oúnjẹ. Ìkìlọ̀ náà sọ pé ewu rẹ̀ pọ̀ jù lọ fún ọmọdé, arúgbó àti ẹni tí ara rẹ̀ kò dá. Bí a ti ń lò ó fún àkàrà níbí, bẹ́ẹ̀ ni a ń lò ó fún súyà àti ẹ̀pà.

Èkejì ni ife bébà àlòsọnù. Ìta rẹ̀ jẹ́ bébà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ike fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni a sábà máa ń tẹ́ sí inú rẹ̀ kí omi má baà rin ín. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ kí ó ya ife náà sí wẹ́wẹ́, kí ó rẹ ẹ́ sínú omi mọ́jú, kí ó sì fi ọwọ́ rà á. Bébà yóò rọ̀. Bí awọ tó mọ́ gaara bá ṣẹ́kù, ike ni.

Ẹ̀kẹta ni bébà tí epo kì í rin. Kẹ́míkà kan tí à ń pè ní PFAS ni a ti fi ń ṣe ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ó máa ń pẹ́ gan-an nínú ilẹ̀ àti nínú ara ènìyàn. Ní oṣù Kejì ọdún 2024, àjọ tí ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà kéde pé a kò ta irú kẹ́míkà bẹ́ẹ̀ mọ́ fún ṣíṣe bébà oúnjẹ ní orílẹ̀-èdè náà.

Ẹ̀kẹrin ni bébà àtúnṣe. A máa ń rẹ páálí àti ìwé àlòkù sínú omi, a ó pò ó títí yóò fi ki bí ògì, a ó yọ ìdọ̀tí àti tàdáwà tó bá ṣeé yọ, a ó fi asẹ́ sẹ́ ẹ, a ó tẹ̀ ẹ́, a ó sì sá a gbẹ. Iṣẹ́ tó níye lórí ni, nítorí pé ó ń dín igi tí à ń gé kù. Ṣùgbọ́n fọ́nrán inú bébà ń kúrú sí i nígbà kọ̀ọ̀kan, kò sì lè ju bí ìgbà márùn-ún sí méje lọ kí ó tó di aláìwúlò. Tàdáwà náà kì í tán pátápátá. Nítorí náà, ìta ni ó yẹ bébà àtúnṣe: páálí tí a fi ń kó ìgò, àtẹ ẹyin, àpótí tí oúnjẹ tí a ti dì wà nínú rẹ̀. Kò yẹ kí oúnjẹ gbígbóná tó lépo kàn án tààrà, àfi bí ẹni tó ṣe é bá ṣe é fún oúnjẹ ní pàtó.

BÉBÀ TÍ ILẸ̀ LÈ GBÀ PADÀ

Ohun tí ó lè di ajílẹ̀ ni ohun tí àwọn kòkòrò àìfojúrí lè jẹ títí tí kò fi ní ku ohun tí yóò ba ilẹ̀ jẹ́. Òṣùwọ̀n tí wọ́n ń lò ní ilẹ̀ Yúróòpù, èyí tí à ń pè ní EN 13432, béèrè pé kí ìdí oúnjẹ fọ́ sí wẹ́wẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀ 12, kí ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ sì ti jẹrà láàárín oṣù 6. Inú òkìtì ńlá tó ń gbóná ní ilé iṣẹ́ ajílẹ̀ ni a ti ń dán èyí wò. Ike kan wà tí a ń fi àgbàdo tàbí ìrèké ṣe, tí à ń pè ní PLA. Ó lè jẹrà nínú irú òkìtì bẹ́ẹ̀, níbi tí ooru ti tó nǹkan bí 60°C, ṣùgbọ́n nínú ààtàn ẹ̀yìnkùlé tí kò gbóná tó bẹ́ẹ̀, ó lè wà níbẹ̀ fún ọdún púpọ̀. Nítorí náà, kí ẹni tó ń rà á bi ẹni tó ń tà á léèrè: ṣé ààtàn ilé lè jẹ ẹ́, àbí ti ilé iṣẹ́ nìkan?

Nàìjíríà kò ṣaláìní ohun tí a lè fi ṣe é. Háríhá ìrèké tí a ti fún omi rẹ̀ tán ṣeé lọ̀ kí a sì tẹ̀ ẹ́ di àwo tó le, tó sì lè gba ọbẹ̀ gbígbóná dúró fún ìgbà tí a fi ń jẹun. Ilẹ̀ ìrèké wà ní Bacita ní Ìpínlẹ̀ Kwara àti ní Numan ní Ìpínlẹ̀ Adamawa. Kò jìnnà sí Bacita tí a ti dá ilé iṣẹ́ bébà Jebba sílẹ̀, èyí tó ṣe bébà líle fún àpò sìmẹ́ńtì. Ilé iṣẹ́ náà, pẹ̀lú ti Ìwòpin àti ti Oku-Iboku, kò so èso tó tó èyí tí a retí. Ẹni tó bá tún fẹ́ dáwọ́ lé irú iṣẹ́ yìí lónìí yóò kọ́kọ́ béèrè pé ta ni yóò máa rà á. Ẹgbẹ́ lè wà lára ìdáhùn sí ìbéèrè náà.

IṢẸ́ TÍ Ó WÀ LỌ́WỌ́ ẸGBẸ́

Ibi ayẹyẹ ni ìdí oúnjẹ ti ń pọ̀ jù: ìkómọ, ìgbéyàwó, ìsìnkú àgbà, àjọ̀dún ẹgbẹ́. Ibẹ̀ náà ni ẹgbẹ́ ti ní àṣẹ jù lọ.

Kí ẹgbẹ́ kọ́kọ́ ní àwo àti ife tí a lè fọ̀ tún lò. Ẹgbẹ́ tó ní àga àti àtíbàbà tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ń yá lè fi àwo kún un. Ìdí oúnjẹ tí a kò lò rárá ni kò ní dí gọ́tà ẹnikẹ́ni.

Kí ẹgbẹ́ jọ ra bébà tí a kò tẹ nǹkan kan sí, tí a ṣe fún oúnjẹ, ní ìdì ńlá, kí iye rẹ̀ lè wálẹ̀. Níbi tí ewé bá ti wà, kí a fi ewé ṣáájú.

Kí apẹ̀rẹ̀ mẹ́ta wà níbi ayẹyẹ: ọ̀kan fún páálí gbígbẹ tó mọ́, tí àwọn tó ń ra àlòkù yóò kó, ọ̀kan fún ewé, bébà elépo tí kò ní ike àti ìyókù oúnjẹ, ọ̀kan fún ike àti agolo. Páálí tí ọbẹ̀ bá ti ta sí kò dára fún àtúnṣe mọ́, ajílẹ̀ ni yóò dà. Kí a da bébà àti ewé gbígbẹ bí ìlọ́po méjì tàbí mẹ́ta ìyókù oúnjẹ, kí a máa wọ́n omi sí i díẹ̀díẹ̀, kí a sì máa yí i lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, yóò di ajílẹ̀ fún ọgbà ẹ̀fọ́.

Ju gbogbo rẹ̀ lọ, kí ẹgbẹ́ fi ìwà ọmọlúàbí bá àwọn olóúnjẹ lò. Bí akọ̀wé ẹgbẹ́ bá tọ ìyá alákàrà lọ pé, “Ẹ kú iṣẹ́ o, Mà. Ìwé ìròyìn tí ẹ fi ń di àkàrà yìí léwu,” ó ṣeé ṣe kí ó dáhùn pé, “Ọmọ mi, ọ̀rọ̀ yín dára. Ṣùgbọ́n ta ni yóò sanwó bébà mìíràn?” Ìbéèrè òtítọ́ ni, kò sì yẹ kí a fi ìbáwí dá a lóhùn. Bí a bá di gbogbo ẹrù náà lé e lórí, yóò padà sí ìwé ìròyìn kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Ẹgbẹ́ lè fún un ní ìdì bébà àkọ́kọ́ lọ́fẹ̀ẹ́, kí ó sì máa ta ìyókù fún un ní iye tí ẹgbẹ́ rà á. Àwọn oníbàárà náà lè máa gbé abọ́ wá láti ilé, bí àwọn òbí wọn ti ń rán wọn lọ ra ẹ̀wà nígbà èwe. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ àyà.

ÌDÁNWÒ FÚN ÌPÀDÉ MÉJÌ

Ní ìpàdé oṣù yìí, kí ẹgbẹ́ wá ìkòkò márùn-ún tó kún fún ilẹ̀ tútù. Kí a sin ewé sínú ọ̀kan, bébà tí a kò tẹ̀wé sí sínú ìkejì, ife bébà sínú ìkẹta, ọ̀ra sínú ìkẹrin, abọ́ fóòmù sínú ìkarùn-ún. Kí a máa bomi rin wọ́n. Lẹ́yìn oṣù méjì, kí a hú wọn níwájú gbogbo ọmọ ẹgbẹ́. Ohun tí wọ́n bá fi ojú ara wọn rí yóò kọ́ wọn ju ìkéde lọ.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

1. Nínú ohun tí ẹgbẹ́ yín fi di oúnjẹ níbi ayẹyẹ tó kọjá, èwo ló yege nínú òṣùwọ̀n mẹ́ta tí ewé fi sílẹ̀?
2. Níbo ni ìdọ̀tí ayẹyẹ náà parí sí, ta ni ó sì ń gbé níbẹ̀?
3. Èló ni ẹgbẹ́ lè yà sọ́tọ̀ láti fi ra ìdì bébà àkọ́kọ́ fún àwọn olóúnjẹ àdúgbò?
4. Ta ni ẹgbẹ́ yóò fi iṣẹ́ apẹ̀rẹ̀ mẹ́ta náà lé lọ́wọ́, ìgbà wo ni yóò sì jábọ̀?