Ẹ Bi Ooru Léèrè Kí Ẹ Tó Sanwó Jíìpù

Bí jíìpù tòkunbọ̀ bá ti Èkó wọ Ìlá-Ọ̀ràngún, ohun tí ojú kọ́kọ́ ń lọ bá ni ọ̀dà tó ń dán, àga aláwọ, àti iye máìlì tó hàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù. Ọ̀dà ṣeé tún kùn. Àga ṣeé fọ̀. Iye máìlì pàápàá ṣeé dá padà sẹ́yìn: ẹ̀rọ kékeré kan ni ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe máa kì bọ ọkọ̀, kò ní pẹ́ tí ọkọ̀ tó ti rin 180,000 máìlì á fi máa pe ara rẹ̀ ní 90,000. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò lè bá dúnàádúrà ni ooru. Ojoojúmọ́ ni ooru ń gba inú ọkọ̀ náà kọjá, ó sì fi àmì sílẹ̀ níbi tó bá gbà. Bí a ṣe ń ka àmì yẹn ni ẹ̀kọ́ wa lónìí, pàápàá fún òbí tó fẹ́ fi jíìpù gbé ọmọ lọ sí ilé ìwé láàárọ̀, tó sì tún fẹ́ fi kó ará ilé lọ sí òde ní Òkè-Ìlá tàbí Ọ̀rà lọ́jọ́ Sátidé.

Irú ọkọ̀ tí mo ń sọ ni RAV4, Honda CR-V, Toyota Highlander, Lexus RX àti Nissan Rogue. Jíìpù là ń pe gbogbo wọn, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ẹ̀yà kan náà pẹ̀lú Prado tàbí 4Runner. Prado ní ṣáàsì irin tó dá dúró lábẹ́, wọ́n wá gbé ara ọkọ̀ lé e lórí. RAV4 tó jáde ní 1994, àti CR-V tó tẹ̀ lé e ní 1995, kò ní irú ṣáàsì bẹ́ẹ̀. Ìpìlẹ̀ ọkọ̀ kékeré ni wọ́n kọ́ wọn lé. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fúyẹ́, tí wọ́n sì rọra ń rìn lójú títì. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ṣe gíà àti rédíétọ̀ wọn fún iṣẹ́ àgbẹ́rù, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ ooru ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ti inú epo bẹ̀rẹ̀. Lítà epo bẹntiróòlù kan ní agbára tó tó mẹ́gájúùlù 34 nínú. Bí a bá pín agbára náà sí mẹ́rin, nǹkan bí ìdá kan péré ló ń yí táyà. Ìdá mẹ́ta tó kù di ooru: òmíràn bá èéfín jáde nídìí sàlẹ́ńsà, òmíràn wọ inú omi tó ń yí ẹ́ńjìnnì ká.

Ó yá, ẹ mú bírò. Highlander kan wúwo tó nǹkan bíi kìlógíráàmù 1,900. Ẹ kó èèyàn méje sínú rẹ̀, ẹ ju àpò ìrẹsì àti kúlà ohun mímu sí búùtù, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di 2,500. Láti Ìlá sí Òkè-Ìlá kò ju nǹkan bíi kìlómítà 12 lọ, ṣùgbọ́n òkè àti àfonífojì ló wà láàárín ìlú méjèèjì. Ká ní gbogbo ohun tí ọkọ̀ gùn lápapọ̀ jẹ́ mítà 100. Ẹ fi 2,500 lọ́nà 9.8, tó jẹ́ òṣùwọ̀n bí ilẹ̀ ṣe ń fa nǹkan mọ́ra, kí ẹ sì tún un lọ́nà 100: ó jẹ́ mẹ́gájúùlù 2.45. Iṣẹ́ tí táyà ṣe nìyẹn. Ìlọ́po mẹ́ta rẹ̀, nǹkan bíi 7.35, ni ẹ́ńjìnnì sọ di ooru kó tó lè ṣe iṣẹ́ náà. Ooru yẹn tó láti mú lítà omi 25 tó wà ní dígírì 30 hó. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ ló sì dé. Bí ọkọ̀ kò bá rí i dà sínú afẹ́fẹ́, irin ẹ́ńjìnnì ni yóò gbé e mì.

Rédíétọ̀ ló ń dà á síta. Omi tó wà nínú rẹ̀ kò gbọdọ̀ hó, nítorí afẹ́fẹ́ inú omi tó ń hó kì í gbé ooru bí omi fúnra rẹ̀ ṣe ń gbé e. Ọ̀nà méjì ni wọ́n gbà ṣe é. Àkọ́kọ́, ọmọrí rédíétọ̀ há mọ́ omi náà, ìfúnpá rẹ̀ sì ń sún ìwọ̀n tí omi fi ń hó kọjá dígírì 100, títí dé nǹkan bíi 120. (Ìdí tí ẹnikẹ́ni kò fi gbọdọ̀ ṣí ọmọrí náà nígbà tó gbóná nìyẹn: bí ìfúnpá bá ti kúrò, gbogbo omi náà á hó lẹ́ẹ̀kan náà, á sì fò mọ́ ojú ẹni.) Èkejì ni kúláǹtì, tí kì í tètè hó, tí kì í sì jẹ́ kí irin dípẹtà.

Tẹ́mọ́sítáàtì ló tún kù, òun ni mo sì fẹ́ fi àkókò sí jù. Ìda ló wà nínú rẹ̀. Bí ẹ́ńjìnnì bá ṣì tutù, ìda náà gan, ó ti ọ̀nà omi pa kí ẹ́ńjìnnì lè tètè lọ́ wọ́ọ́rọ́. Bí omi bá dé nǹkan bíi dígírì 82 sí 90, ìda yọ́, ó wú, ó ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀, omi sì ń lọ sí rédíétọ̀. Ohun kékeré tó gbọ́n báyìí ni ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì wa máa ń yọ sọnù, wọ́n á ní ilẹ̀ wa gbóná, a kò nílò rẹ̀. Ẹ má gbà fún wọn. Ẹ́ńjìnnì tí kò bá dé ìwọ̀n ìgbóná rẹ̀, kọ̀ǹpútà inú ọkọ̀ á máa rò pé àárọ̀ ṣì ni, á máa da epo kún epo. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù Karùn-ún 2023, ta ló fẹ́ máa san irú owó bẹ́ẹ̀?

Nítorí náà, ìdánwò àkọ́kọ́ ni pé kí ẹ bá ọkọ̀ náà ní tútù. Ẹ pe ẹni tó ń tà á lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì ṣáná sí i kí n tó dé láàárọ̀.” Bí ẹ bá dé, ẹ fọwọ́ kan ìdérí ẹ́ńjìnnì. Bó bá lọ́ wọ́ọ́rọ́, ẹnìkan ti ṣáná sí i ṣíwájú yín, ẹ béèrè ìdí. Bó bá tutù, ẹ ṣí rédíétọ̀. Kúláǹtì tó dára máa ń ní àwọ̀ tó mọ́, ó lè jẹ́ pupa, ó lè jẹ́ àwọ̀ ewé. Bó bá jẹ́ omi tó pọ́n bí ilẹ̀ pupa, omi ẹ̀rọ lásán ni wọ́n ti ń bù sí i fún ọdún pípẹ́. Ẹ fa irin tí a fi ń wọn ọ́ìlì jáde, kí ẹ sì wo abẹ́ ọmọrí ibi tí wọ́n ń da ọ́ìlì sí. Bí ẹ bá rí nǹkan tó kì bí ògì níbẹ̀, omi ti dà pọ̀ mọ́ ọ́ìlì. Ó ṣeé ṣe kí gásikẹ́ẹ̀tì orí ẹ́ńjìnnì ti jó, ooru ló sì sábà máa ń jó o.

Kí wọ́n wá ṣáná. Bó bá jẹ́ àárọ̀ ọyẹ́, ẹ má jẹ́ kí èéfín funfun fẹ́ẹ́rẹ́ nídìí sàlẹ́ńsà dẹ́rù bà yín. Epo tó bá jó máa ń pèsè omi, irin tutù ló sì sọ omi náà di ìrì. Yóò lọ láàárín ìṣẹ́jú bíi mélòó kan. Bí kò bá lọ, tó sì ń rùn dídùn, kúláǹtì ló ń jó. Bí èéfín bá ní àwọ̀ búlúù, ọ́ìlì ni. RAV4 tí wọ́n ṣe láti 2006 sí 2008 pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì 2.4 lókìkí nípa jíjẹ ọ́ìlì; Toyota pàápàá fún àwọn oníbàárà rẹ̀ ní Amẹ́ríkà láàyè àtúnṣe ọ̀fẹ́ fún sáà kan. Kì í ṣe pé kí ẹ má rà á, ṣùgbọ́n kí ẹ mọ̀.

Bí ẹ́ńjìnnì ti ń ṣiṣẹ́, ẹ gbọ́wọ́ lé ọ́ọ̀sì òkè rédíétọ̀. Ó yẹ kó tutù fún ìgbà díẹ̀, kó wá gbóná lójijì nígbà tí ìda bá yọ́. Bó bá ń gbóná díẹ̀díẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti yọ tẹ́mọ́sítáàtì. Ẹ wo fáànù náà: ó yẹ kó máa dúró, kó máa tún bẹ̀rẹ̀. Èyí tó ń yí láìdúró láti ìgbà tí wọ́n ti ṣáná, tí éésì kò sì sí lórí, ó ṣeé ṣe kí ríwáyà, ẹni tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe, ti so ó mọ́ bátìrì tààrà, nítorí pé ọkọ̀ náà ti ń gbóná jù rí, wọn kò sì wá ìdí. Omi tó pọ́n bí ilẹ̀ pupa, tẹ́mọ́sítáàtì tí kò sí, fáànù tí kì í sinmi: bí ẹ bá rí méjì nínú wọn lára ọkọ̀ kan, mi ò rò pé ó yẹ kí ẹ dúró gbọ́ iye tí wọ́n ń pè é.

Ẹ gbé e gun òkè. Títì pẹrẹsẹ kò ní sọ ohun kankan fún yín. Ẹ kó èèyàn sínú rẹ̀, ẹ tan éésì, ẹ kọrí sí Òkè-Ìlá ní ọ̀sán gangan. Ọwọ́ atọ́ka lójú dáṣíbọ́ọ̀dù kò tó gbára lé. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ òde òní wọ́n ṣe é kó dúró sáàárín títí nǹkan á fi bàjẹ́ tán. Ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún Amẹ́ríkà láti 1996 ní ihò ìdánwò lábẹ́ ìdarí ọkọ̀. Ẹ kì ẹ̀rọ ayẹ̀wò kékeré bọ̀ ọ́, kó máa fi ìwọ̀n ìgbóná omi hàn lórí fóònù yín. Bó bá wà láàárín 85 sí 100 títí ẹ fi dé orí òkè, ó ti yege. Ẹ̀rọ náà á tún sọ bóyá ẹnìkan ṣẹ̀ṣẹ̀ pa àkọsílẹ̀ àṣìṣe inú kọ̀ǹpútà rẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn.

Gíà ni ooru tún máa ń pa. Gíà àtijọ́ tó ní ìpele mẹ́rin, márùn-ún tàbí mẹ́fà ń lo eyín irin. CVT kò rí bẹ́ẹ̀: bẹ́líìtì irin ló wà láàárín pọ́ọ̀lì méjì, ìfaramọ́ra irin sí irin ló sì ń gbé ọkọ̀ lọ. Bí òkè bá gùn, tí ẹrù sì pọ̀, bẹ́líìtì á máa fẹ́ yọ̀, yíyọ̀ á di ooru, ooru á ba ọ́ìlì jẹ́. Ní Amẹ́ríkà, Nissan ní láti fa ìdánilójú orí CVT ọkọ̀ 2003 sí 2010 gùn dé ọdún 10 tàbí 120,000 máìlì. CR-V lo gíà onípele márùn-ún láti 2007 títí dé 2014. 2015 ló bọ́ sórí CVT. RAV4 ti 2013 sí 2018 ní ìpele mẹ́fà. Fún àwa ará Ìgbómìnà tí òkè yí ká, èmi kò ní ra CVT tòkunbọ̀ tí mi ò mọ ìtàn ọ́ìlì rẹ̀. Bí gíà náà bá ní irin ìwọ̀n, ẹ fà á jáde: ọ́ìlì tó dúdú, tó sì ń rùn bí nǹkan jíjó, ti sọ tẹnu rẹ̀.

Ọkọ̀ tó gòkè á sọ̀. Mẹ́gájúùlù 2.45 tí a fi gòkè kò sọnù. Bíréèkì ló máa sọ ọ́ di ooru bí ẹ bá ń tẹ̀ ẹ́ láìdúró. Omi bíréèkì DOT 3 tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú agolo jáde kò gbọdọ̀ hó kó tó dé dígírì 205, ṣùgbọ́n ó máa ń fa ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ mọ́ra, bó bá sì ti gbó, ó lè hó ní 140. Omi tó hó di afẹ́fẹ́, afẹ́fẹ́ ṣeé fún pọ̀, ẹsẹ̀ á kàn wọlẹ̀ ni. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀ ní kété tí ẹ bá ra ọkọ̀, kí ẹ sì máa fi gíà “2” tàbí “L” sọ̀kalẹ̀. Ní ti táyà, ẹ ka nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn nínú ìlà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú DOT lára rẹ̀: 2319 ni ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019. Táyà tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ kò tó máa ń tẹ̀ síwá sẹ́yìn bó ti ń yí, ìyẹn náà ń di ooru, ibẹ̀ ló sì ti ń bẹ́.

Ohun méjì kan wà tí gígun òkè kò ní fi hàn. Ìkúnya omi ni ọ̀kan: ìjì Harvey ní Texas ní oṣù Kẹjọ 2017 rì ọkọ̀ ọ̀kẹ́ àìmọye, irú wọn sì ń dé èbúté wa. Ẹ ká kápẹ́ẹ̀tì, ẹ wo bóòtù abẹ́ àga bóyá ó ti dípẹtà, kí ẹ sì wo ẹnu wáyà bóyá bàbà rẹ̀ ti di àwọ̀ ewé. Èkejì burú jù. Inú báàgì afẹ́fẹ́ tí ilé iṣẹ́ Takata ṣe ni wọ́n fi ammonium nitrate sí, kẹ́míkà tí ooru pẹ̀lú ọ̀rinrin ń bà jẹ́ díẹ̀díẹ̀ fún ọdún púpọ̀. Bó bá ti bàjẹ́, ó máa ń bú gbàmù kọjá ìwọ̀n, á fọ́n irin sí ojú awakọ̀. Nǹkan bíi mílíọ̀nù 67 ni wọ́n ní kí wọ́n pààrọ̀ ní Amẹ́ríkà, èèyàn tó lé ní 20 ló sì ti kú níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ CR-V wà lára wọn. Ojú ọjọ́ wa ló sì ń ba kẹ́míkà yẹn jẹ́ jù lọ. Ẹ kọ nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọkọ̀, lẹ́tà àti nọ́ńbà 17 lápapọ̀, tó wà nísàlẹ̀ gíláàsì iwájú, ẹ tẹ̀ ẹ́ sí ojúlé NHTSA, àjọ tó ń rí sí ààbò ọkọ̀ ní Amẹ́ríkà, lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀fẹ́ ni.

Tuntun ńkọ́? Ọkọ̀ tuntun kò ní ìtàn ooru kankan, ìyẹn nìkan tó owó tí wọ́n fi lé e lórí fún ẹni tó bá ní in. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú wọn ló ń lo ẹ́ńjìnnì kékeré tó ní tọ́bò, èéfín gbígbóná ló sì ń yí tọ́bò náà, nítorí náà ọ́ìlì rẹ̀ kò gbọdọ̀ pẹ́ jù nínú ẹ́ńjìnnì. Ẹ béèrè ìlú tí wọ́n ti máa tún un ṣe kí ìdánilójú rẹ̀ tó lè ṣiṣẹ́.

Bó bá jẹ́ tòkunbọ̀ ni agbára yín ká, tí ẹ kò sì ju márùn-ún lọ nílé, èyí tí mo fara mọ́ ni RAV4 onípele mẹ́fà tàbí CR-V tí kò tíì di CVT. Ẹbí èèyàn méje nílò Highlander, kí wọ́n sì gbà pé epo rẹ̀ á ju ti RAV4 lọ. Ẹni tó bá kọ̀ kí ẹ rí ọkọ̀ rẹ̀ ní tútù, èyíkéyìí tó bá jẹ́ nínú wọn, ẹ kí i pé ó dàárọ̀, kí ẹ sì máa lọ.