Láti Orí Pápá Bọ́ọ̀lù sí Inú Agbo Ìjàkadì

Bí a bá dárúkọ bọ́ọ̀lù nílẹ̀ wa, ẹsẹ̀ ni ọkàn wa ń lọ sí. Bọ́ọ̀lù tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ níhìn-ín kì í ṣe irú èyí. Ti àwọn ará Amẹ́ríkà ni, èyí tí ó ṣe ṣónṣó lórí, tí ó ṣe ṣónṣó nídìí. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń gbé e sáré, àwọn alátakò a sì fi èjìká kọlu ẹni tí ó gbé e títí yóò fi ṣubú. (A ṣì ń pè é ní 'gbígbá' ṣá o!) Gbígbé ènìyàn ṣánlẹ̀ kò ṣàjèjì sí irú àwọn agbábọ́ọ̀lù bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó sì di oníjàkadì. Ṣùgbọ́n agbára nìkan kọ́ ni ó gbé wọn débẹ̀. Owó ni.

Ẹni tí ó la ọ̀nà náà gbòòrò ni Gus Sonnenberg, tí ó wà nínú ẹgbẹ́ Providence Steam Roller tí ó gba ipò kìn-ín-ní ní 1928. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1929, ní Boston, ó ṣẹ́gun Ed 'Strangler' Lewis, ó sì gba oyè àgbáyé. Ọgbọ́n ìjàkadì rẹ̀ kò tó ti Lewis rárá. Ohun tí ó mú ti pápá wá ni pé yóò fà sẹ́yìn, yóò sáré, yóò fò, yóò sì fi èjìká kan ẹnìkejì. Ìjà tí àwọn ènìyàn ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni èyí tí ọkùnrin méjì yóò dì mọ́ra wọn nílẹ̀ fún wákàtí gbọọrọ. Èyí tuntun yìí dùn-ún wò, èrò sì ya wá.

Ó yẹ kí a rántí pé ìjàkadì olówó yìí ti di eré nígbà náà: àwọn tí ó ṣètò rẹ̀ ti mọ ẹni tí yóò borí. Nínú gídígbò tiwa, bí ẹ̀yìn ẹni bá ti kanlẹ̀, ọ̀rọ̀ bùṣe. Lọ́dọ̀ tiwọn, orúkọ tí yóò kó èrò wá ni wọ́n ń fi oyè dá lọ́lá, agbábọ́ọ̀lù sì ti ní orúkọ kí ó tó wọ agbo.

Bronko Nagurski ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ wọ̀ mí lára jù. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbá bọ́ọ̀lù fún Chicago Bears ní 1930, lórí $5,000 lọ́dún. Ọ̀dá owó mú, wọ́n gé owó rẹ̀ kù. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ní 1933 ó bẹ̀rẹ̀ ìjàkadì. Ní 1937, bí ó ti ń kúrò ní pápá ni ó ń wọ ọkọ̀ lọ jà ní ìlú mìíràn. Lẹ́yìn náà ó béèrè $6,000, George Halas tí ó ni ẹgbẹ́ náà kọ̀, Nagurski sì fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀. Ẹgbẹ̀rún dọ́là kan péré! Ó gba oyè àgbáyé ní 1939 àti ní 1941. Nígbà tí ogun kó àwọn ọ̀dọ́ lọ ní 1943, Bears tún ránṣẹ́ pè é. Ó lọ, wọ́n sì borí. Lẹ́yìn náà ó padà sí International Falls, níbi tí ó ti ṣí ilé epo.

Ernie Ladd, ọmọ aláwọ̀ dúdú láti Louisiana, wà nínú ẹgbẹ́ San Diego Chargers tí ó gba ife ní 1963. Ìjàkadì ni ó ń ṣe nígbà tí bọ́ọ̀lù bá wà ní ìsinmi. Ó wà lára àwọn agbábọ́ọ̀lù dúdú tí wọ́n kọ̀ láti gbá bọ́ọ̀lù ní New Orleans ní 1965, nítorí pé àwọn onítakisí àti àwọn ilé ọtí ibẹ̀ kò fẹ́ dá wọn lóhùn. Wọ́n sì gbé ìdíje náà lọ sí Houston. Nígbà tí orúnkún rẹ̀ kò gbé e mọ́, ó kúkú gba agbo ìjà lọ pátápátá. Níbẹ̀ ó yàn láti ṣe ọ̀dájú, ẹni tí gbogbo èrò kórìíra, ohun tí ó ṣọ̀wọ́n fún oníjàkadì dúdú nígbà náà. Wọ́n ń sanwó kí wọ́n lè rí ìṣubú rẹ̀, òun náà sì ń gba ìpín tirẹ̀ níbẹ̀.