Porsche 911 àti Corvette Lórí Pápá Ìje

Ìbéèrè: Èwo ló dára jù fún pápá ìje tó kún fún kọ́nà? (Òǹkàwé, Ìyìn-Èkìtì)

Ìdáhùn: Ẹ́ńjìnnì Porsche 911 wà lẹ́yìn táyà ẹ̀yìn, èyí tó ń jẹ́ kí táyà náà di ilẹ̀ mú ṣinṣin nígbà tí ọkọ̀ bá ń jáde nínú kọ́nà, ṣùgbọ́n tí iwájú rẹ̀ máa ń fúyẹ́ nígbà tó bá ń wọ̀ ọ́. Corvette, tí ẹ́ńjìnnì tirẹ̀ ti wà níwájú láti ọdún 1953, gbé e sí ẹ̀yìn ìjókòó awakọ̀ nínú ti ọdún 2020, èyí tó mú kí ìwúwo sún mọ́ àárín ọkọ̀, kí ó lè tètè yí nínú kọ́nà, nítorí náà òun ló yẹ irú pápá bẹ́ẹ̀ jù. Síbẹ̀, bíréèkì ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò, nítorí pé bí wọ́n bá ń tẹ̀ ẹ́ léraléra, ooru lè mú òróró rẹ̀ hó, kí ọkọ̀ má sì dúró mọ́.